Mo Ní Ó Sunkún

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé ìgbàkigbà ló lè dákẹ́. Ojú mi ti ṣáájú lọ ní tirẹ̀. Fóònù ni mò ń bá sọ̀rọ̀, nínú yàrá tí mi ò rí ògiri rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ kọjá ogún ọdún, mo dúró dúró, òtítọ́ ò bá a. Ó wá yé mi pé òtítọ́ yẹn ò ní ẹsẹ̀ míì ju tèmi lọ.

Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí yín; àwòdì náà ló ń fọwọ́ wá bàtà káàkiri ilẹ̀ lónìí. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè ka àwo bíi tèmi. Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Kòkòrò ọ̀fìnkìn líle, èyí tó ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀, nǹkan méjì ló gbé sára: ìkọ́ tó fi ń gbá ọ̀fun ènìyàn mú, àti ọ̀bẹ tó fi ń gé ara rẹ̀ kúrò nígbà tó bá fẹ́ kọjá lọ síbòmíràn. Ìkọ́ yẹn ni abẹ́rẹ́ wa ń kọ́ ara ènìyàn láti dá mọ̀. Ṣùgbọ́n alárékérekè ni kòkòrò yìí. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á yí ìkọ́ rẹ̀ padà, ara á sì máa wò ó bí àlejò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá kòkòrò tuntun lọ́dọọdún, tí a ń tọ́ ọ dàgbà nínú ẹyin adìyẹ, tí a sì ń fi í ṣe abẹ́rẹ́ míì.

Láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ ṣì dá kòkòrò tuntun mọ̀, nǹkan mẹ́ta la máa ń pò pọ̀ nínú àwo oníhò wẹ́wẹ́: kòkòrò tuntun yẹn, omi tó là lórí ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó ti gba abẹ́rẹ́ náà, àti ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Bí omi yẹn bá dá ìkọ́ mọ̀, á dè é lọ́wọ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì rọra jókòó sísàlẹ̀ ihò bíi bọ́tìnnì pupa. Bí o bá gbé àwo fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bọ́tìnnì yẹn á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. A máa ń ní, "Ó sunkún." Bí kò bá dá a mọ̀, ìkọ́ á gbá ẹ̀jẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ á tẹ́ bí ẹní; fì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sunkún. Níbi iṣẹ́ wa, ẹkún ni ìròyìn ayọ̀. Ẹ ò rí ayé bí?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kòkòrò tí èmi yàn, tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, ni wọ́n fẹ́ fi ṣe abẹ́rẹ́ fún gbogbo agbègbè. "Ọmọ Ojú-Àwòdì" ni wọ́n ń pè é. Mi ò bímọ, ìyàwó mi sì ti kó lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kòkòrò yẹn ni mo fi ṣe ọmọ. Mo máa ń délé láìsí ẹni tó máa kí mi kú àbọ̀, màá rántí rẹ̀, inú mi á dùn. Irú ènìyàn wo nìyẹn? Àbúrò kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, obìnrin jẹ́jẹ́. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, la bá ń pè é ní Onígíláàsì. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó lọ gba ikun imú àwọn arúgbó kan tó ń ṣàìsàn nítòsí ilé bàbá rẹ̀, ó rí kòkòrò nínú rẹ̀, ó tọ́ ọ nínú ẹyin, ó sì wá bá mi pé ó jọ pé ìkọ́ eléyìí ti yí padà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a gbọ́dọ̀ fi í rọ́pò tèmi kó tó pẹ́ jù. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló sọ ọ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn sí i, mo ní kó pò ó sínú àwo ká wò ó.

Ọjọ́ tí àwo rẹ̀ tó kà, gíláàsì rẹ̀ já bọ́, ó fọ́ yángá. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Onígíláàsì ti di Onífírémù. Ó gbé àwo wá bá mi, ó ń rìn bí ẹni tó ń yẹra fún ẹ̀gún.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó sunkún?"

Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà tẹ́ rẹrẹ, kò mira. Ìkọ́ tuntun ni, abẹ́rẹ́ tèmi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo rí i kedere. Ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe àwọn arúgbó o. Yàrá mi ni, àti àga kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ó sunkún." Ó mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni, pé ẹ̀rù ti ń ba òun. Ó ní ká tún un ṣe bí òun bá ti gba gíláàsì míì. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi á bá a tún un ṣe. Mi ò tún nǹkan kan ṣe. Mo kó àwọn ẹyin rẹ̀ jáde, mo sọ wọ́n sínú iná, mo sì sọ fún un pé wọ́n ti bàjẹ́. Ó gbà mí gbọ́. Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Abẹ́rẹ́ wa jáde, àkókò òtútù sì dé. Onígíláàsì fọwọ́ ara rẹ̀ gún bàbá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ náà. Bàbá náà ń ráhùn pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe oyin, ọmọ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé Bọ̀ọ̀dá òun ló ṣe é. Àìsàn jà. Ẹni tó gbabẹ́rẹ́ àti ẹni tí kò gbà, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Bàbá yẹn kú, àti àwọn míì tí mi ò ní mọ orúkọ wọn láé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá sí yàrá iṣẹ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ka àwo yẹn, ojú yín kì í ṣì í rí. A jẹ́ pé èmi ni mo pò ó ṣì. Ṣé èmi ni mo pa bàbá mi?"

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Ilẹ̀kùn àánú ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi, èmi ọ̀dájú yìí. Mo fọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n, àbúrò mi. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa." Ìyẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi. Irọ́ àkọ́kọ́, ìlara ló tì mí pa á. Èkejì, mo jókòó, mo wo ojú rẹ̀, mo sì pa á. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì ojú.

Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jókòó pẹ́ mọ́, kí ẹnu mi má baà tú mi fó. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, màá dìde, màá ní orí ń fọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀, wọn ò pè mí mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń wá mi wò, Onígíláàsì náà ni. Òun ló ń kán oògùn sí mi lójú. Á ka ara ìgò fún mi kó tó kán an: eléyìí ti ọ̀tún, eléyìí ti òsì. Mi ò rí i, mo kàn ń gbà á gbọ́ ni. Ó ní látìgbà tí bàbá òun ti kú, èmi ni òun fi ṣe bàbá. Ẹ gbọ́ ọ o, ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ má fi iṣẹ́ ṣe ọmọ. Bí àwo bá ta ko yín, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé òfo lẹ máa padà sí. Kòkòrò ò tijú àtiyí padà. Èmi ni ojú ń tì.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́. Onígíláàsì ló máa bá mi ṣe é bó bá dé láàárọ̀, màá sì ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n jókòó tì í. Bó bá jáde tí kò padà wá mọ́, ẹjọ́ mi ni. Bí ẹ bá ń gbọ́ mi, a jẹ́ pé òun ló fi í ránṣẹ́ sí yín. Àbúrò mi, mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má dá ara rẹ lẹ́bi mọ́. Ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, o bi mí bóyá ó sunkún.

Kò sunkún.