Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Wà Lórí Ìwé Àpáta Náà

Ẹyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ ẹyẹ. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí lónìí nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó tí mo tún ń dìde. Mo bu oúnjẹ, ó tutù síwájú mi. Mo gun alùpùpù mi jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ sílé àfẹ́sọ́nà mi ní Choggu, mo dé ìkóríta, mo tún darí wálé. Okùn kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí mo fi pamọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá a kiri ilé. Ọ̀la Sátidé ló fẹ́ fi okùn náà kó àwọn èèyàn gun àpáta, bẹ́ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé e gòkè ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi.

Sabonjida níbí, ní Tamale ní ilẹ̀ Gánà, ni wọ́n bí mi sí. Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti wá. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ wa níṣẹ́ kó àwa mélòó kan lọ síbi àpáta kan lẹ́yìn ìlú, ó ní ká wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi okùn gùn ún. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, àwọn yòókù sá. Èmi ò sá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín? Ọkàn mi tó máa ń sáré ṣáá yìí, orí àpáta yẹn nìkan ló ti ń dúró. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó fi àwọn okùn rẹ̀ sílẹ̀ fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ, títí ó fi lọ́kọ sí Kumasi.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo ní kí ohun tí a mọ̀ má ṣègbé. Mo ń lọ ya àpáta náà ní fọ́tò láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, tí gbogbo ihò àti ibi tí ọwọ́ lè mú bá hàn dáadáa. Mo fi ìlà pupa tọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò, mo sọ ọ́ lórúkọ, mo kọ bó ṣe le tó, ibi tí wàá ti nawọ́ tán pátápátá, àti ibi tí oyin ń gbé nígbà ọyẹ́. Mo kọ ọ́ pé kí àlejò kọ́kọ́ mú obì lọ kí àwọn àgbà abúlé kó tó fọwọ́ kan òkúta kankan. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé, mo ṣe é lọ́nà tí èèyàn lè gbà á sórí fóònù, kó sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Ó dùn mọ́ mi nínú bí ẹni tó bímọ.

Ṣùgbọ́n ó ku ibi orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa. Áfà ni bàbá Mubaraki àfẹ́sọ́nà mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó wò mí níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Ọmọ tó bá jókòó jẹ́ẹ́ là ń wá, tí ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Alhamdulillahi, a ti rí i." Mo fi híjáàbù bo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀rọ̀ àpáta yìí, kó parí síbí o."

Nílé wa, láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, orúkọ Rashidi ẹ̀gbọ́n mi ló wà lára ohun gbogbo: pátákó ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe, mítà iná, títí kan ìwé alùpùpù tí mo ń gùn. Ṣé ẹ wá rí i pé kò jọ irọ́ lójú mi? Yáàyá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ni mo máa ń pè é. Mo ní, "Yáàyá, ṣé kí n fi orúkọ rẹ sí i?" Ó ní, "To, fi sí i jàre. Kí ló wà níbẹ̀?" Mo fi fọ́tò rẹ̀ náà sí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwé náà rìn jìnnà. Àwọn tó ń gun àpáta kọ̀wé láti Accra, wọ́n ń yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀kan nínú wọn ni àyà mi já sí. Ó ní ó yà òun lẹ́nu, pé ẹni tó kọ ìwé yìí kò lè ga, torí gbogbo ibi tó ní kí àwọn nawọ́ tán, ìgbọ̀nwọ́ àwọn ò tíì nà tí ọwọ́ àwọn fi tó o. Bẹ́ẹ̀ Rashidi ń tẹ orí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí wọ́n ní kó wá ṣáájú àwọn gun àpáta náà, ó ní òun gbà. Mubaraki gbọ́, ó ní òun ni òun máa kọ́kọ́ tẹ̀ lé e gòkè. Ìyìn dùn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń pani bí ọtí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, ó kọ̀. Mo mú okùn lọ sídìí igi nímù ẹ̀yìnkùlé wa, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Ó so ó, mo fà á, ó tú. Ó tún so ó, ó tún tú. Ó ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, mo ti ka gbogbo ohun tó o kọ. Tí mo bá ní n kò lọ mọ́, wọ́n á bi mí nídìí. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ létí bàbá Mubaraki ni?" Mo ká okùn náà, mo gbé e wọlé.

Mo wá rò pé bí n bá fi okùn pamọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Kò tán. Ẹnìkan ti ní òun ń gbé okùn tòun bọ̀ láti Accra.

Nírọ̀lẹ́ yìí ni Mubaraki pè mí. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ka ìwé náà sí mi létí, gbólóhùn tí mo fọwọ́ ara mi kọ: "Má ṣe tẹ̀ lé ẹni tí o ò lè fi ẹ̀mí rẹ lé lọ́wọ́ gun òkè." Ó ní, "Wallahi, ẹ̀gbọ́n rẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó wù mí kí èmi náà lè ronú báyìí." Mo fẹ́ sọ ọ́, mo kàn kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé áfà kọ̀ mí, kí ojú sì ti ẹ̀gbọ́n mi ní gbangba. Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò di okùn ọkọ mi mú? Ó wù mí kí n wọ ṣòkòtò mi lọ́la, kí n gba okùn lọ́wọ́ Rashidi níwájú gbogbo wọn, kí n kọ́kọ́ gòkè. Ẹsẹ̀ mi ń yún mí láti lọ, ojú ń tì mí. Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, torí Mubaraki ní òun á ya ilé wa láàárọ̀ ọ̀la, kí òun àti ẹ̀gbọ́n mi lè jọ lọ. Ó ní kí n má bẹ̀rù nǹkan kan, pé òun ti mọ ẹni tí òun ń fi ẹ̀mí òun lé lọ́wọ́.