Ohun Tí Mo Gbé Kọjá Afárá

Ẹ̀yin ará ìjọ wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá tí ẹ máa ń fi orúkọ mi pè mí ní Mọ́mì Adùnọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ìyìn dúró ná. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, n kò sì fẹ́ kí ẹ dúró ti pósí mi kí ẹ máa sọ pé obìnrin rere ló lọ yẹn. N kì í ṣe obìnrin rere. Gbogbo yín lẹ gbọ́ pé wọ́n ká ìbọn mọ́ Sẹ̀kínát ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, pé torí ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe dá a padà sí Nàìjíríà. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ kọ́ ló rí. Mo mọ bó ṣe rí, mo sì ti gbé e mì láti ọdún mẹ́ta. Lónìí, n ó pọ̀ ọ́ jáde.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ilé wa ní Lake Arbor, ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí, ṣàdédé tóbi jù fún mi. Fìyìnfólúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ti ríṣẹ́ sí Seattle. Bó bá pè mí, a ó kí ara wa tán, a ó wá máa gbọ́ èémí ara wa lórí fóònù títí yóò fi rántí pé òun ní iṣẹ́ láti ṣe. Èmi náà ń lọ sí ọ́fíìsì mi ní Largo, mo ń bá wọn ṣe ìṣirò, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń sọ pé, "Ẹ kúulé o," bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ohùn fíríìjì ló máa ń dá mi lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn ènìyàn. Nígbà tí ìyẹn kò tó mọ́, mo fi wáìnì kún un. Nígbà tí wáìnì kò tó mọ́, mo bọ́ sórí ọtí líle. Ẹ kò mọ̀. Báwo lẹ ó ṣe mọ̀? Mo máa ń jẹ mínǹtì kí n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn mi ló sì máa ń ròkè jù nínú orin.

Sẹ̀kínát nìkan ló mọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń gbé ní Hillcrest Heights pẹ̀lú Kamilah, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe, òun ló tọ́jú ọkọ mi títí ẹ̀mí fi bọ́. Nígbà tí gbogbo yín sìnkú tán tí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, òun kò yé wá. N kò bá yín jà o. Bí ayé ibí ṣe rí nìyẹn. Mùsùlùmí ni Sẹ̀kínát, kì í fi ọtí kan ẹnu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ìgò lábẹ́ síǹkì mi, kò pariwo. Ó ní, "Ìyá Fìyìn, kí lẹ ń fi èyí wá?" Mo ní oorun ni mò ń wá. Ó ní, "Oorun ò sí nínú ìgò, mà. Bí ilé bá ti ń le mọ́ yín, ẹ pè mí. Kódà kí n wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pè mí."

Nígbà tó yá, àwọn olè fọ́ gíláàsì mọ́tò mi níwájú ilé. Wọn kò rí nǹkan gidi mú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ewé bá já bọ́, ẹsẹ̀ olè ni létí mi. Mo sọ ọ́ fún Dàpọ̀, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ó ní òun mọ ẹni tó lè bá mi wá ìbọn ìléwọ́ kan, láìsí ìwé, láìsí ìbéèrè. Ó yẹ kí n kọ̀. Ó yẹ kí n lọ gba àṣẹ bí òfin ṣe wí, tàbí kí n tilẹ̀ lọ ra ajá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọtí pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kì í fẹ́ kí ìjọba wo òun lójú. Mo ní, "Bá mi wá a."

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ gbà á. Mo sọ fún Sẹ̀kínát pé mo fẹ́ lọ kí àbúrò ọkọ mi, pé kó jọ̀ọ́ kó sìn mí torí n kò fẹ́ dá wà lójú ọ̀nà. Òtítọ́ ni, àmọ́ òtítọ́ tí mo gé sí méjì ni. Ó din dòdò sínú ike, a sì gbéra láàárọ̀. Nílé Dàpọ̀, lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán, Sẹ̀kínát bèèrè ibi tí òun ti lè kírun. Bó ṣe ń forí kanlẹ̀ ní pálọ̀ ni Dàpọ̀ fà mí wọ kíṣìnì, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. "Ọta wà nínú ẹ̀ o, àǹtí," ni Dàpọ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti jáde. Tí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ ní Maryland, ẹ̀wọ̀n ni." Ó bu ọtí fún mi kí ara mi lè balẹ̀. Mo mu ún, mo ní kó tún bu òmíràn. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo gba ìyókù ìgò náà, mo fi ìbọn sínú àpótí kékeré iwájú mọ́tò, mo pa á dé.

Mo jókòó sídìí wíìlì, ni Sẹ̀kínát bá gbọ́ òórùn ẹnu mi. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Fìyìn. Èmi ni màá wà á." Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú ìgò mi. Ó wo ìgò náà, ó sì ṣáná sí mọ́tò. Lójú ọ̀nà ló ń sọ fún mi pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún òun láti wá dáhùn ìbéèrè fún ìwé ọmọ onílùú. Ó ní, "Tí mo bá ti gba ìwé yẹn báyìí, màá mú Kamilah lọ sí Ìsẹ́yìn. Ìyá mi ò tíì fojú kàn án rí." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí a yà ra epo ní Fredericksburg, ọ̀rọ̀ ìbọn náà dé etí ètè mi. Mo fi ọtí tì í padà sínú.

A ti gun afárá Woodrow Wilson, a ti fi Virginia sẹ́yìn, a ti sọ̀ sí ilẹ̀ Prince George's ní Maryland, ni iná ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn wa. Oòrùn ṣì wà lókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọlọ́pàá náà, ó sì kí wa dáadáa. Ó ní iná ẹ̀yìn wa kan kì í tàn bí a bá tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn náà ló fa imú. "Mà, ṣé ẹ ti mutí?" Sẹ̀kínát ní, "Rárá, sà. Mi ò mu ọtí rí láyé mi." Ọlọ́pàá náà bèèrè bóyá ohun ìjà wà nínú mọ́tò. Sẹ̀kínát fi ọkàn mímọ́ dáhùn pé kò sí. Ó wo èmi náà. Mo mi orí pé kò sí. Ó wá ní kí Sẹ̀kínát sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́yìn mọ́tò kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ku èmi nìkan.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí sí mi. Ẹ má di ẹ̀bi yìí ru ọtí. Ojú mi là kedere ju bó ṣe rí lọ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo rí ọ́fíìsì mi, mo rí ìjókòó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí bí ẹ ó ṣe máa sọ orúkọ mi láàárín ara yín. Ẹ ò rí nǹkan, orúkọ ni mò ń dáàbò bò. Báàgì Sẹ̀kínát wà láàárín ìjókòó wa. Mo sọ fún ara mi pé obìnrin tí kì í mutí ni, wọ́n á gbà á gbọ́, wọ́n á ní kó máa lọ. Mo mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ṣí àpótí, mo tú tówẹ̀lì, mo fi etí ìborùn mi di ìbọn náà mú, mo sì tì í sí abẹ́ aṣọ ìkírun rẹ̀. Mo fa sípù báàgì náà pa. Mo ká ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wà nínú ìsìn.

Ẹ̀rọ tí Sẹ̀kínát fẹ́ atẹ́gùn sí sọ pé kò mutí rárá. Ọlọ́pàá náà tilẹ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó wá dá ìwé wa padà ló rí ìgò tó ṣí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó bá ní òun máa yẹ mọ́tò wò. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé nígbà náà. Wọ́n ní kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀. "Báàgì ta nìyí?" Sẹ̀kínát ní, "Tèmi ni." Kò fòyà. Nígbà tí wọ́n fa ìbọn yọ, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ hàn pé tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí mi, ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Ìyá Fìyìn, ẹ sọ fún wọn." Ọlọ́pàá bi mí bóyá mo mọ nǹkan kan nípa ìbọn náà. Mo ní, "Rárá. N kò rí i rí." Bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ bá mi pe Kamilah, kó má máa retí mi."

Mo pe Dàpọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ panu mọ́." Stephanie, lọ́yà Sẹ̀kínát, wá sí ilé mi, ó jókòó, ó ní, "Oníbàárà mi sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ìbọn náà. Bí ẹ bá mọ nǹkan, àkókò rèé." Mo wò ó lójú, mo ní ẹ̀rù ló ń ba Sẹ̀kínát tó fi ń wí bẹ́ẹ̀. Ó dìde, kò mu omi mi. Kò sí ẹ̀rí mìíràn, báàgì sì ni báàgì rẹ̀. Sẹ̀kínát gbà pé òun jẹ̀bi kí ẹ̀wọ̀n má baà pọ̀ jù, ó ṣe oṣù díẹ̀, bó sì ti jáde báyìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú gbà á lẹ́nu ọ̀nà, torí gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú tó ní, kì í gba ẹni tí ẹ̀sùn ìbọn bá wà lọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó. Mo gba Kamilah sílé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ẹ pè mí jáde níwájú ìjọ, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ ní mo gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ṣì ń ró létí mi.

Nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀, ta ló ń tọ́jú mi? Kamilah ni. Ó ń wẹ̀ mí, ó ń fi ṣíbí bu kọ́sítádì sí mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ó ní, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, "Auntie, ẹ̀yin nìkan ni màmá tí mo ní níbí." Mo ti ṣíbí náà sẹ́yìn. Mo sọ ohun gbogbo fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Gbogbo ìgbà tí mò ń sunkún nílé yìí, ṣé ẹ mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. "Ẹ sì ń dì mí mọ́ra?" Ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde. Kò tíì padà.

Mo pe Sẹ̀kínát ní Ìsẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, ó dá mi dúró. "Láti ẹ̀bá ọ̀nà ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀, Ìyá Fìyìn. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ohun tó wà nínú báàgì mi?" Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn yín? Òrùlé tó ń jò lẹ jẹ́, mà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ mi sùn síta." Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún adájọ́." Ó pa fóònù.

Mo ti lọ. Stephanie ló gbé mi lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo dárúkọ Dàpọ̀ pẹ̀lú. Kọ́ọ̀tù Upper Marlboro yóò tún ẹjọ́ náà gbọ́, bóyá kí n tó kú, bóyá lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe mí, ó tọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ìbọn àti ìgò sínú mọ́tò, tí ẹ ń sọdá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn bí ẹni ń ṣeré, ẹ wò mí. Ẹni tó jókòó tì yín ni yóò san án. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, n kò ní kí ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ yín kọ́ ni. Ẹ má sì wá gbàdúrà lórí ibùsùn mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà. Kọ́ọ̀tù ni kí ẹ lọ, gbogbo yín. Mo mọ̀ pé Kamilah yóò wá nítorí ìyá rẹ̀; ẹ wá a nínú yàrá ńlá yẹn, kí ẹ jókòó tì í ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dá jókòó.