Ọmọ Mi Fẹ́ Gun Òkè

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìpinnu kan wà lọ́rùn mi tí n kò mọ bí n ó ṣe ṣe é. Àwọn tíṣà Ìbùkún ọmọ mi fẹ́ kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gun òkè Ìdànrè, kí wọ́n lè rí ìlú àtijọ́. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé n ó lọ?" Èmi a ní kó jẹ́ kí n rò ó ná. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ọkàn ọmọ yìí kì í yára lù bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, láti inú oyún ni.

Alágbàṣe oko kòkó ni mí ní Aládé. Nígbà tí a bá ń sá kòkó, ìyàwó mi kì í lè dúró nínú oòrùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a pọ́n, oríkèé rẹ̀ a máa ro ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ́ ní Òyìnbó. "Òyìnbó, ṣé ká gbé àga wá fún ọ lábẹ́ igi ni?" Ìyàwó mi a ní, "Ẹ gbé tíì náà wá, Àǹtí mi." A ó rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ?

Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀kẹta dàgbà, a lọ sọ́dọ̀ Màmá agbẹ̀bí ìjọ wa. Ó gbé ìwo onígi tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e níkùn. Ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó mi mú níbi tí iṣan ti ń lù, ó ń wò ó bóyá ọkàn ìyá ló ń gbọ́. Kì í ṣe ti ìyá. Ọkàn ọmọ ń lù jẹ́jẹ́, bí arúgbó tó ń gun òkè. Àwọn kan ní kó wà nínú ilé àdúrà títí yóò fi bí. Màmá kọ̀. "Àdúrà kò ní dá, ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ju ọwọ́ mi lọ. Ọmọ mi, gbé e lọ sí Àkúrẹ́ lónìí."

Ní ọsibítù, wọ́n ti ń múra iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ọmọ ń kú lọ. Dókítà àgbà kan ní kí wọ́n dúró, ó ní ọkàn náà lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń lù déédéé. Ó bi mí bóyá oòrùn ń ṣe ìyàwó mi ní nǹkan. Mo ní, "Dókítà, Òyìnbó ni wọ́n ń pè é." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣìnà, ó ń bá ara ìyá náà jà, ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń ṣe é, ó sì ti gba ibi ọmọ kọjá lọ ba ohun tó ń darí ọkàn ọmọ jẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, àwọn oníṣègùn pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni.

Wọ́n ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ títí oyún fi gbó. Ọmọ kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ Màmá tí kò du ògo ìbí náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá pa àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ fún ìyàwó mi níbi tí a ti ń sá kòkó.

Dókítà ní kí Ìbùkún máa ṣeré, kó máa jókòó bó bá rẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó bá wọn lọ, n ó gbé e lé èjìká gun òkè náà. Èjìká tó ń ru àpò kòkó, kí ni ìwúwo ọmọ? Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbùkún, ọmọ tí wọ́n gbé gòkè, ṣé yóò ní òun gùn ún?" Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí ẹ rò pé ẹ ò ní rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbé e ni, àbí kí n máa rìn lẹ́yìn rẹ̀, kí n máa dúró nígbàkígbà tó bá dúró?