Ẹlẹ́hàá Tí Mo Pè Ní Orogún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ara mi. Oṣù kejì rèé tí ọkọ mi ń jẹ oúnjẹ mi tí kì í wojú mi. Owú ló fà á, owú burúkú!

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọkọ mi ń ṣe, èmi ń ránṣọ nílé wa ní Fate, n'Ílọrin. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti sọ ọ́ di ẹlẹ́hàá. Kò sẹ́ni tó máa rójú ẹ̀ mọ́." Ẹlẹ́hàá kẹ̀! Nínú Ìlọrin yìí, ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó tí ọkọ fi sínú ilé, tó bojú, là ń pè bẹ́ẹ̀? Mo bi í, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù ẹnì kan ni: òun kọ́kọ́ fi VPN, ètò tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, bò ó bíi hìjáàbù, òun wá ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀rọ mẹ́ta kọjá lókè òkun, tí ọ̀kankan nínú wọn kò mọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ pa pọ̀. Mo ní, "Fóònù ta ni?" Ó ní òun ò lè dárúkọ ẹni náà. Ìdáhùn yẹn ló pa mí! Bí kì í bá ṣe àlè, kí ló dé tí kò lórúkọ?

Ní Jímọ́ọ̀, ó lọ kírun, ó gbàgbé kọ̀ǹpútà ní ṣíṣí. Mo ka ohun tí obìnrin kan kọ sí i níbẹ̀ pé, "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé Òkè-Oyi lèmi àtàwọn ìbẹta mi wà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Ìbẹta! Ojú mi ṣú. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Orogún mi rèé o!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá ìbẹta mélòó ló wà? Oníbàárà mi kan rí i, ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àṣé òun ni ọkọ tí obìnrin náà sá fún, tó ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń fi í pamọ́. Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà tí ọlọ́kadà kan gbé òun àtàwọn ọmọ jáde kí ọkùnrin náà tó débẹ̀. Aṣọ àwọn ọmọ ṣì wà lórí okùn. Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò pe ọkọ mi mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọkọ mi sọ: "Ẹ̀rọ mẹ́ta kò tú u, ìyàwó mi ló tú u."

Kí n má purọ́ fún yín: títí dòní, bó bá di fóònù mú tó ń retí ìpè obìnrin yẹn, owú ṣì ń jẹ mí. Ẹ gbà mí o! Kí ni kí n ṣe fún ọkàn tó ń jowú ẹni tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa?