Ariwo Tí Mo Pa ní Èbúté Nítorí Áńpù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Mo ba ayé ẹnìkan jẹ́, ẹni náà kò sì mọ̀ pé èmi ni. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti ń dúpẹ́ tipẹ́, mo sì ń gbà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá gbé nǹkan kan wá sílé mi, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìyàwó mi rò pé ibà ni. Kì í ṣe ibà.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń ta gìtá ní ìjọ wa. Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́. Ìyá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá da omi tútù sí mi lára, yóò hó.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgboro, mo ń wá áńpù, àpótí tó ń gbé ohùn sókè, tí n ó máa so gìtá mi mọ́. Ẹni tí kì í ta gìtá lè má mọ̀: gìtá oníná tí kò ní áńpù, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú ìrọ̀rí ni. Àwọn áńpù tó lórúkọ, tí gbogbo olórin ń pariwo, apá mi kò ká wọn. Mo wo tòkunbọ̀ títí. Èyí tí mo rí rà, ṣe ló ń hó bí àgbàdo tí wọ́n ń yan lórí iná, ó sì kú kí ọdún tó yí po.

Ẹnìkan nínú àwọn akọrin wa ló sọ fún mi nípa Bàbá Múrí ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja. Atúnrédíòṣe ni bàbá náà. Ó máa ń tú inú àwọn áńpù òyìnbó tó ti kú, yóò ṣa ohun tó ṣì dára níbẹ̀, yóò sì tò wọ́n sínú àpótí tó fi pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó kàn. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Bí o bá bi í pé kí ni orúkọ áńpù yìí, á ní, "Kí lo fẹ́ kó jẹ́?"

Mo so gìtá mọ́ ọ̀kan, mo ta okùn kan péré, orí mi wú. Ohùn rẹ̀ mọ́, kò sì hó. Pákó iwájú rẹ̀ ṣì ní ọ̀dà ọkọ̀ náà lára, ọ̀dà búlúù, wọ́n sì fi funfun ya apá ẹyẹ kan sí i. Àwọn apẹja a máa ya nǹkan sára ọkọ̀ wọn, bí àwọn onímọ́tò ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn mọ́tò. Mo ní, "Bàbá, ẹyẹ yín ò pé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní apá tó kù wà níbòmíràn. Mi ò bi í pé níbo. Ká ní mo bi í ni, ǹ bá má kọ ìwé yìí.

Mo gbé áńpù dé Ìkòròdú, mo wá ń fọ́nnu. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo Èkó, pé bí mo bá fọjú, mo lè fi ọwọ́ dá a mọ̀. Nígbà tó yá, èmi alára gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo dé ìjọ lọ́sàn-án fún ìdánrawò orin. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibi tí áńpù mi máa ń wà ṣófo. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo bọ́ síta, mo ń ṣépè. Ọlọ́kadà kan tó wà lábẹ́ igi ní òun rí ọkùnrin kan tó gbé àpótí búlúù lérí, tó ń lọ sí ọ̀nà Èbúté. Mo ní ṣé ó rí nǹkan funfun lára rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fò sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀.

Nígbà tí a dé Èbúté, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, áńpù wà lórí rẹ̀. Mo rí búlúù, mo rí apá ẹyẹ. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ló kọ sí mi. Mo lè sáré bá a. Mo lè ní, "Bọ̀dá, ẹ dúró ná." Ohun tí mo ṣe ni pé mo na ìka sí i, mo pariwo pé, "Olè ni. Ẹ gbá a mú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe. Ẹni tó bá pariwo olè, kò sẹ́ni tó máa ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tó na ìka sí ni wọ́n ń wò.

Àwọn tó ń já yanrìn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ fi igi ṣọ́bìrì gbá a lẹ́yìn orí kó tó yíjú padà. Ó ṣubú síwájú. Áńpù fẹ́ jábọ́, ó na ọwọ́ òsì láti gbá a mú kó má baà fọ́. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnìkan wá fi irin ṣọ́bìrì lu ìka rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́ igi ìdáná.

Ojú rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ó ń sọ pé, "Tèmi ni, tèmi ni." Èmi náà ta á nípàá ní ìhà. Mo tún un ta. Bí ẹnìkan bá ní mi ò kópa, irọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀, mo rí i, inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ mi yé, inú mi dùn.

Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa ọmọ ọlọ́mọ níwájú òun. Ẹnìkan ń yí táyà bọ̀. Ẹlòmíràn ń bèèrè pẹtiróòlù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi.

Ìgbà tí mo rí táyà yẹn ni ojú mi tó là. Wọ́n ń sọ lónìí pé àánú ló ṣe mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń rò ó pé bí ó bá kú, ọlọ́pàá á wá bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ pariwo. Mo ṣubú lé e lórí, mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Ó tó, ẹ má pa á, ó tó." Wọ́n lu èmi náà mọ́ ọn. Àpá rẹ̀ wà ní èjìká mi, ìyàwó mi a sì máa fi ròyìn mi fún àlejò. Nígbà tí ọwọ́ wọn rọ̀, àwọn obìnrin bu omi sí i lórí, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Mo gbé áńpù, mo bá ẹ̀yìn lọ.

Ní ìjọ, Ìyá Ṣèyí tó máa ń gbá ilẹ̀ fún wa ń fa omi òjò síta. Kò tíì rí mi dáadáa tó fi ní, "Bùrọ́dá, mo ti gbé áńpù yín sí yàrá aṣọ àwọn akọrin o, òrùlé ń jò sí i." Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí àpótí tó wà lórí mi, ó rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní ọ̀kan tí mo yá ni. Ó ń fa omi rẹ̀ lọ.

Mo wọ yàrá náà. Áńpù mi jókòó sábẹ́ àwọn aṣọ akọrin, ó gbẹ táútáú. Mo gbé èyí tí mo gbé bọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tèmi ní apá òsì. Ti ọkùnrin náà ní apá ọ̀tún. Ẹyẹ náà pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ká ní mo dúró síbẹ̀, ká ní mo lọ wá a, bóyá ẹ óò rí ohun kan sọ fún mi tó máa tù mí nínú. Mi ò lọ. Nígbà tí ìyàwó mi lọ sọ́jà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi àáké la áńpù ọkùnrin náà sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé, mo sì fi pákó rẹ̀ dáná. Mo ra ọ̀dà dúdú, mo fi kun iwájú tèmi kí ẹnikẹ́ni má baà rí apá ẹyẹ mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó wá mi wá. N ó máa pè é ní Ṣàkírù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ló júwe mi fún un, pé olórin ìjọ kan ló dùbúlẹ̀ lé e lórí. Mùsùlùmí ni, ó dúró síta títí a fi parí ìsìn. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbà mí. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi."

Mo ní, "Dìde, àbúrò."

Ó sọ fún mi pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ lòun, gìtá lòun náà ń ta. Wọ́n ti gbà á sí ẹgbẹ́ olórin kan ní Èkó, ibẹ̀ ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gìtá mọ̀ pé ọwọ́ òsì la fi ń tẹ okùn. Ìka rẹ̀ ti gan, kò ká mọ́. Ó ní, "Ẹni tó pariwo yẹn, ṣé ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní, "Rárá o, èrò ti pọ̀ jù."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún Iléyá kan kò lọ kó má gbé ẹran wá, mo sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí kò lè ta gìtá mọ́, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Múrí. Bàbá ti kú báyìí, òun ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà. Bí olórin kan bá ń wá áńpù tó dára tí kò ní gún un lápò, èmi ni mo ń darí wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe san án tán. Kò tán. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan pariwo olè lọ́jà tòsí wa, mo kọ lu ẹni tó pariwo náà, mo fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀. Wọ́n rò pé orí mi ti yí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣàkírù dé. Ó gbé áńpù tuntun kan wá fún mi, ó ní ẹ̀bùn ni. Ó kun iwájú rẹ̀ ní búlúù, ó sì ya odindi ẹyẹ sí i. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpù dúdú tí a gbé tẹlifíṣọ̀n lé ní pálọ̀ wa.

Ó ní, "Kí Bàbá tó kú, wọ́n sọ fún mi pé áńpù méjì làwọn fi pákó ọkọ̀ ẹlẹ́yẹ yẹn ṣe. Ọ̀kan ni tèmi tí wọ́n jí gbé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní èkejì wà lọ́wọ́ olórin kan ní Ìkòròdú níbí, wọ́n ti gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo olórin. Ẹ bá mi bèèrè. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo kàn fẹ́ rí i ni."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó gan wà lórí áńpù dúdú náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní n ó bèèrè. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti wá gbọ́ bí tuntun náà ṣe ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn bú mi. Èébú yẹn tọ́ sí mi, mo ti bú ara mi ṣáájú yín. Bí mo bá sọ ọ́, ìyàwó mi á gbọ́, ìjọ á gbọ́, Ṣàkírù sì lè pa mí, mi ò ní bá a jà. Bí mi ò bá sọ ọ́, á máa dọ̀bálẹ̀ fún mi títí n ó fi kú.

Lánàá, mo gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà dúdú náà. Apá ẹyẹ ti yọ, apá òsì, funfun rẹ̀ ò tíì ṣá. Ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí báyìí. Ṣùgbọ́n agolo ọ̀dà dúdú ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó dé.