Egungun Iléyá Tí Mo Jù sí Làmídì

Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ fún mi, inú rẹ̀ náà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má tíì káàánú mi o. Inú mi dùn lónìí ju ọjọ́ tí mo gbéyàwó lọ. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja kan ní Lafíàjí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń fi ẹ̀rọ ṣọnà sí ọrùn agbádá. Èmi ni àgbà òṣìṣẹ́, èmi náà sì ni apanilẹ́rìn-ín ibẹ̀. Bí mo bá ti la ẹnu, ẹ̀rọ a dákẹ́, ẹ̀rín a gba ilé.

Ìgbà náà ni Làmídì ti ọ̀nà Ọ̀yọ́ dé, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, ilà àbàjà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Lọ́dún Iléyá, Alhaja gbé àwo ẹran wá pé kí n pín in. Mo fún oníkálukú ní tirẹ̀. Nígbà tó kan Làmídì, mo ju egungun sí i lẹ́sẹ̀.

"Ológbò ará òkè, gba tìẹ! Àbí ẹ ò rí irunmú lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Làmídì mú egungun náà nílẹ̀, ó nù ún. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

Ẹlòmíràn, ọtí ló tàn án. Èmi, ẹ̀rín ni. Láti ọjọ́ náà n kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bó bá kí mi láàárọ̀, "Míàáò!" ni màá fi dá a lóhùn. Mo gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ológbò kì í bá èèyàn jókòó.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ilà yìí fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe orúkọ mi."

"Bàbá ẹ kọ̀wé sí ẹ lójú, a ò sì rí i kà!"

Ẹ̀rín sọ. Àṣé Alhaja wà lẹ́yìn mi. "Láti òní lọ, Làmídì ni olórí ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìwọ, lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Ara mi gbóná. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo rò pé gbogbo wọn ti lọ kírun, mo padà. Mo da kẹrosíìnì sórí agbádá ọkọ ìyàwó tí Làmídì ń ṣe, mo ṣáná sí i. Mo ti ti ilẹ̀kùn pa tán kí n tó gbọ́ ikọ́ nínú ilé. Làmídì ni; ẹ̀yìnkùlé tí kò lọ́nà àbájáde ló ti ń ṣàlùwàlá kó tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo sá lọ.

Àwọn ará àdúgbò ló já ilẹ̀kùn. Làmídì yè, àmọ́ iná ti jẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Lónìí, ọjọ́ kejì Iléyá, wọ́dà pè mí: "Bàbá, ẹ ní àlejò!" Làmídì ni mo bá, àwo kan lórí itan rẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, ẹ̀gbọ́n." Ó ṣí i. Ẹran itan, dídín, kò sí egungun kankan níbẹ̀.

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì. Òsì ló ń kọ́ṣẹ́ báyìí, ó sì ń gbọ́ràn jù yín lọ."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi! Ẹ̀rín tí kò dun ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rín irú rẹ̀ láyé mi. "Làmídì," mo pè é. Orúkọ náà dùn lẹ́nu ju ẹran lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́, bí àgbà ibẹ̀ bá ju egungun sí ẹnì kan, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹyọ ẹnì kan dákẹ́ lọ́jọ́ náà ni, bóyá ojú ì bá tì mí. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ẹran ṣẹ́kù nínú àwo. Àwọn wọ́dà ní kí n pín in fún àwọn tí a jọ wà níbí. Orúkọ ni mo fi ń pè wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan.