Agogo Méjì Nínú Kùrukùru

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

SEULA: Hẹlóò, Màmá? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?

ÌYÁ ỌKỌ: Ìyàwó, sọ̀rọ̀ kíá, iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi! Gbogbo ìyá ìjọ ló wà níbí, kábéèjì kún àgbàlá, kimchi, kábéèjì oníyọ̀ ọdún yìí, á—

SEULA: Danbi ńkọ́?

ÌYÁ ỌKỌ: Ọmọ rẹ ń sùn lẹ́yìn mi. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí mo ní kó o lọ wá lórí ẹrẹ̀ etí òkun dà? Pásítọ̀ ń bọ̀ wá jẹun o!

SEULA: Mo rí mẹ́ta—

ÌYÁ ỌKỌ: Mẹ́ta! [ẹ̀rín] Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá ìjọ! Ọmọ ìlú ńlá Gwangju rí mẹ́ta! Ọwọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, kí ló mọ̀ nípa ẹrẹ̀?

SEULA: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kùrukùru ti bo ibí. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ỌKỌ: Mo gbọ́. Kí ni mo máa ń sọ tí mo bá ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì?

SEULA: Pé ká má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, ká má gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ká tẹ̀lé agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

ÌYÁ ỌKỌ: Ẹ̀hẹn! Ẹrẹ̀ ló kọ́ mi ní Ọlọ́run. Ohùn ló ń tọ́ni, kì í ṣe ojú.

SEULA: Ohun tí mò ń ṣe náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ tọ ipa pákó tí mò ń wọ́ lórí ẹrẹ̀ padà, mo ní rárá, Màmá á bínú. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ̀, agogo yín ò sún mọ́ mi. Omi òkun ti ń kún bọ̀, ó ti dé orúnkún mi.

ÌYÁ ỌKỌ: Agogo wo?

SEULA: Èyí tí ẹ̀ ń lù.

ÌYÁ ỌKỌ: Èmi? Kábéèjì ni mò ń fi iyọ̀ sí láti àárọ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan agogo lónìí.

[Agogo ń dún lókèèrè.]

SEULA: Màmá... ta ló wá ń lù ú?

ÌYÁ ỌKỌ: Yéè! Àwọn ará Sangmok! Àwọn ọ̀dàlẹ̀ tó ya kúrò nínú ìjọ wa! Ìdúpẹ́ ìkórè wọn ni lónìí! Mo sọ fún Pásítọ̀, mo ní agogo wọn dún bíi tiwa jù—

SEULA: Màmá! Òdìkejì òkun ni Sangmok wà. Inú ibú ni mò ń rìn lọ!

ÌYÁ ỌKỌ: Pe àwọn tó ń gbani lójú òkun!

SEULA: Mo ti pè wọ́n. Ọkọ̀ wọn ò ríran nínú kùrukùru.

ÌYÁ ỌKỌ: Tọ ipa pákó rẹ padà!

SEULA: Omi ti pa á rẹ́. Ẹ lọ lu agogo wa, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ỌKỌ: Mò ń sáré! [ìró ẹsẹ̀, mímí] Tó o bá kú sórí ẹrẹ̀, kí ni kí n sọ fún ọmọ mi? Kí ni kí n sọ fún Pásítọ̀? Ìgbàgbọ́ rẹ dà?

SEULA: Omi ti dé ìbàdí mi, Màmá.

[Agogo ńlá, nítòsí. Ọmọ ta jí, ó ń ké.]

ÌYÁ ỌKỌ: Ó ti ń dún! Tiwa nìyẹn! Ṣé o gbọ́?

SEULA: Mo gbọ́! Àmọ́ méjì ni! Ohùn kan náà ni, mi ò mọ ibi tí èyíkéyìí ti ń— Màmá, ẹ dá a dúró díẹ̀!

ÌYÁ ỌKỌ: Mi ò gbọ́ ẹ! Fóònù wà láyà mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń fa okùn!

SEULA: Ẹ dáwọ́ dúró! Èyí tó bá dákẹ́ ni tiwa! Èyí tó bá dákẹ́ ni mo máa tẹ̀lé! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ỌKỌ: Mò ń fà á, ìyàwó! Bí apá mi méjèèjì bá tiẹ̀ já, mò ń fà á!

SEULA: Ẹ sinmi! Ẹ̀ẹ̀kan péré! Màmá!

ÌYÁ ỌKỌ: Danbi, ké dáadáa, kí màmá rẹ gbọ́! Olúwa, má jẹ́ kó rẹ̀ mí! Má jẹ́ kí n dákẹ́!

[Agogo. Agogo. Ẹkún ọmọ. Omi.]

SEULA: Danbi... Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́... ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]